Ìbàmú ní Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì kó fọ́tò méjì sílẹ̀ níwájú Àtinúkẹ́ Ọláníyan ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1997. Kò kí i. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àga, ó jókòó, ó wá sọ ohun tó bá wá: kí Àtinúkẹ́ mú bàbá arúgbó tó wà nínú fọ́tò kìíní, kí ó gbé e sínú fọ́tò kejì, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ pé wọ́n gbé e síbẹ̀.

Akọ̀wé ni Ayọ̀dèjì fún ìgbìmọ̀ adelé tí àwọn ológun fi jẹ lé ìjọba ìbílẹ̀ kan lórí ní àyíká Ẹdẹ. N kò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà. Fọ́tò kejì tó mú wá jẹ́ ti ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn kan ní abúlé kan lójú ọ̀nà Sẹkọ́nà. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ dúró nínú agbádá, pátákó ilé ìwòsàn wà lókè orí wọn, gbogbo wọn kọjú sí apá ọ̀tún fọ́tò, níbi tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́. Kò sí ará abúlé kankan láàárín wọn. Àwọn ará abúlé ti yọjú lójú fèrèsé kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ti rí i pé ilé òfìfo ni: kò sí bẹ́ẹ̀dì, kò sí oògùn, kò sí nọ́ọ̀sì. Wọ́n gba oko lọ.

Bàbá Ọládòṣù ló ṣáájú wọn. Àgbẹ̀ ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun ló sì ní kí wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn sí ìjọba. Òun ló kọ́kọ́ tẹ̀ka sí i. Ìjọba wá yan sójà kan, Méjọ̀ ni ipò rẹ̀, pé kó wá gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. Bí Méjọ̀ bá rí fọ́tò tí Bàbá Ọládòṣù fúnra rẹ̀ dúró sí láàárín àwọn tó ń ṣí ilé ìwòsàn, a jẹ́ pé bàbá pa irọ́ mọ́ ìjọba. Láyé àwọn ológun, ẹni tí wọ́n bá ní ó pa irú irọ́ yẹn kì í kọ́kọ́ yà ní ilé ẹjọ́ kó tó dé ẹ̀wọ̀n.

Ayọ̀dèjì kò fi èyí pa mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́sàn-án. Ó ní bí Àtinúkẹ́ bá ṣe é, iṣẹ́ wà fún un ní ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ tó ní owó ìfẹ̀yìntì. Bí kò bá ṣe é, ẹni tó lè ṣe é wà ní Ìbàdàn, ó sì dá òun lójú pé ṣọ́ọ̀bù tí àwọn jókòó sí yìí kò ní ìwé àṣẹ tó pé.

Àtinúkẹ́ fa àwọn fọ́tò náà mọ́ra, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wò wọ́n dáadáa.

Èmi àti Àtinúkẹ́ la jọ jáde yunifásítì. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ àti títì tí ìjọba ń ti ilé ìwé pa ti gba àwọn ọdún tó dára jù lọ́wọ́ wa kí a tó gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí a gbà á, kò sí ẹni tó béèrè fún un. Wọ́n ní kí a ṣe sùúrù, pé ètò ọrọ̀ ajé yóò so èso. Àwọn tó sọ ọ́ kò ṣe sùúrù kankan. Àwọn ti ń jẹ nínú igi náà kó tó yọ òdòdó. Àtinúkẹ́ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Gada, ní Ẹdẹ.

Samuel Ọláníyan ni bàbá rẹ̀, ayafọ́tò, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ní Ẹdẹ ni fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ìyá wọn á wọ aṣọ fún èyí tó kù, á gbé e tọ Samuel lọ. Samuel á ya ọmọ náà lórí ẹní, ní apá kan. Á tún gbé e sí apá kejì, á yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú yàrá dúdú tó ti ń fọ fíìmù, á tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan. Ìyá á gbé Táyé àti Kẹ́hìndé lọ sílé. Kò sí ẹni tó ń pe èyí ní irọ́. Ìyá mọ̀ pé ọmọ kan ni, àwọn ará ilé mọ̀, àlejò náà á sì gbọ́ bó bá béèrè. Fọ́tò náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àyè ẹni tó lọ ló ń tọ́jú.

Nígbà tó yá, bébà àti oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò wọ́n débi tí Samuel fi ti yàrá dúdú náà pa. Ní ọdún kan náà, Alhaji Abdulmujeeb, oníṣòwò ìlú, ra kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti ẹ̀rọ tó ń ka fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, ó fi wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù létí ọjà. Ó gba Àtinúkẹ́ síbẹ̀ pé kó máa tẹ ìwé ìkésíni àti ìwé ìbéèrè iṣẹ́. Àtinúkẹ́ tẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn èyí, ó kó iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà.

Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Èdè kọ̀ǹpútà tó ń lò ní láíbìrì kan, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ti kọ tán, tí ń bá ènìyàn ya fèrèsé, bọ́tìnnì àti àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Bí o bá fún láíbìrì náà ní fọ́tò, yóò yà á fún ọ lódindi, bó ṣe wà. Òun kò fẹ́ ẹ lódindi. Ó wá ibi tí wọ́n ti lè tú fọ́tò náà ká. Fọ́tò inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ojú, kì í ṣe aṣọ. Àmì wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ bí ebè oko, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní nọ́ńbà mẹ́ta: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù. Àtinúkẹ́ kọ ètò kan tó ń gba gbogbo àmì náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlà nọ́ńbà gígùn kan. Yóò yí nọ́ńbà tó bá fẹ́ padà, yóò dá wọn padà fún láíbìrì, láíbìrì yóò sì ya ohun tó bá gbà. Láíbìrì kì í béèrè bóyá òótọ́ ni.

Láti yí ojú ènìyàn láti òsì sí ọ̀tún, ètò rẹ̀ yóò ka ebè kọ̀ọ̀kan láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ló fi ń ṣe ìbejì: fọ́tò kan ṣoṣo ti ọmọ tó kù tó. Yóò yí ẹ̀dà rẹ̀ padà, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì á kọjú síra wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe é fún ni Fàtímọ̀, ọmọ agbo ilé kan ní ìsàlẹ̀ ìlú, tí Táyé rẹ̀ kú ní ìkókó. Àtinúkẹ́ tẹ fọ́tò náà jáde, ó gbé e fún un. Fàtímọ̀ wò ó, ó dá a padà.

"Àǹtí, ta ni èyí?" Ó na ìka sí ọmọ tí wọ́n fi ṣe Táyé.

Àtinúkẹ́ ní Táyé ni.

"Táyé mi kò jóná rí o. Kẹ́hìndé ló gbá ìkòkò ẹ̀kọ mọ́ra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló ti jóná, ẹ wá fún ẹni tó kú ní tiẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ọ̀run ni wọ́n ti ń se ẹ̀kọ ni?"

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, Fàtímọ̀ náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá nu ojú. Àtinúkẹ́ padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó wá gbogbo àmì tó jẹ́ àpá iná náà, ó yá àwọ̀ lọ́wọ́ àwọn àmì tó yí wọn ká, ó fi bò ó títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Táyé fi dán. Láti ọjọ́ náà, kò yí ojú kankan padà láìkọ́kọ́ béèrè ohun tó wà ní òsì àti ohun tó wà ní ọ̀tún. Ó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń pa àpá rẹ́. Ó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ síbòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á fi sọ́kàn nìyí, nítorí àwọn kan ní Ẹdẹ ṣì ń sọ pé ó ṣe àṣìṣe.

Nínú fọ́tò tí Ayọ̀dèjì mú wá, ibi ìgbéyàwó ọmọ ni Bàbá Ọládòṣù wà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú fìlà àti dàńṣíkí, ó kọjú sí apá òsì fọ́tò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ló hàn. Ìbàmú ló kọ: ilà kan ṣoṣo tó dagun láti ibi imú wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Kì í ṣe àbàjà, kì í ṣe pélé, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì jọ máa ń ní. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ló ni ìbàmú.

Àtinúkẹ́ sọ fún Ayọ̀dèjì pé bàbá kọjú sí òsì, àwọn tó kù sì kọjú sí ọ̀tún. Bí òun bá gbé e síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò dà bí ẹni tí inú ń bí.

"Yí i padà," Ayọ̀dèjì wí. "Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe fún àwọn oníbejì."

"Mo lè yí i padà, sà. Ṣé kí n tún ojú rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà?"

"Má fọwọ́ kan ojú rẹ̀ rárá. Ilà yẹn ni wọ́n máa fi dá a mọ̀. Jẹ́ kó hàn kedere."

Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, kó lè dá a lójú, bóyá kí òun yí i kí òun sì fi ilà náà sílẹ̀ bó bá ṣe bọ́ sí. Ayọ̀dèjì ní ó ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ẹdẹ ni ọkùnrin yìí. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ kọlà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti kà á sí pé ilà jẹ́ ohun tí àwọn ará oko fi ń dá ara wọn mọ̀, kò sì jókòó pẹ̀lú ẹni tó kọlà rí débi tí yóò fi mọ̀ pé ilà ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ó rí ilà, ó ní ilà ni. Inú rẹ̀ dùn.

Àtinúkẹ́ lè kọ̀. Mo bi í nípa èyí lẹ́yìn náà. Ó ní bí òun bá kọ̀, ọwọ́ òun á mọ́, ẹni tó wà ní Ìbàdàn á ṣe é, bàbá á sì lọ sẹ́wọ̀n. Ó ní òun kò nílò ọwọ́ tó mọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nígbà tí iná dé. Ó gé bàbá jáde létí fìlà àti létí ìka, àmì kan tẹ̀lé òmíràn. Ó yí i padà. Ìbàmú bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó sọ àwọ̀ dàńṣíkí náà di èyí tó bá oòrùn ilé ìwòsàn mu, ó fi òjìji sí ẹsẹ̀ bàbá, ó jẹ́ kí apá agbádá alága ìgbìmọ̀ bo èjìká rẹ̀ díẹ̀, kó lè dà bíi pé wọ́n fún mọ́ra. Ó ṣe é débi tí kò sí ohun tí ojú lè rí, àfi ohun kan yẹn. Bó bá ṣe é ní ìdàkudà, wọ́n á sọ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ni ilà náà.

Nígbà tó gbé e dé ilé, Samuel mú un lọ sójú fèrèsé. Ó wò ó títí.

"Àtinúkẹ́, ìbàmú bàbá yìí kò sí níbi tó yẹ kó wà."

"Mo mọ̀, Bàbá mi."

"Ṣé o mọ ohun tí wọ́n lè fi ojú rẹ rí?"

"Mo mọ ìyẹn náà."

Samuel dá a padà fún un, ó ní òjìji tó fi sí ẹsẹ̀ náà dára.

Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni Méjọ̀ ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Àjèjì ni, kò gbọ́ Yorùbá, Ayọ̀dèjì ni wọ́n sì fi ṣe ògbufọ̀. Mo tún un sọ: ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ̀sùn kàn án. Kò sí ẹni tó rí i bí ohun àjèjì. Ayọ̀dèjì mú Àtinúkẹ́ dání pé kó wá jẹ́rìí pé ṣọ́ọ̀bù àwọn ló tẹ fọ́tò náà láti inú fíìmù, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Èmi náà wà lẹ́yìn, láàárín àwọn ará abúlé.

Méjọ̀ gbé fọ́tò náà fún Bàbá Ọládòṣù, ó ní kó sọ bóyá òun ló wà níbẹ̀. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó fi ìka gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ara rẹ̀ kọjá, láti imú wálẹ̀. Ó wá fẹ́ atẹ́gùn sí fọ́tò náà bí ẹni pé eruku wà lójú rẹ̀.

"Fìlà mi nìyí," ó wí. "Ìgbéyàwó Àdùnní ni mo dé e lọ, eku sì ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn yín lélẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ ọkùnrin tó dé e yìí. Ẹ bá mi bi í léèrè ilé tí wọ́n ti kọlà fún un ní ọ̀tún."

Àwọn ará abúlé bú sẹ́rìn-ín. Méjọ̀ béèrè ohun tí bàbá sọ. Ayọ̀dèjì sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá ní fìlà òun ni, pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ọjọ́ náà.

Àtinúkẹ́ dìde níbi tó jókòó sí. Ó sọ ọ̀rọ̀ bàbá lédè Gẹ̀ẹ́sì bí bàbá ṣe sọ ọ́, títí kan ọ̀rọ̀ eku. Ó ní kí Méjọ̀ wo ojú bàbá, kó sì wo fọ́tò.

Méjọ̀ wo ojú bàbá. Ó ní kí ó súnmọ́ òun. Ó gbé fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

N kò ní fi òye Ayọ̀dèjì dù ú. Ó yára ronú. Ó ní fíìmù ni wọ́n tẹ̀ ní òdì. Pé bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn fíìmù ṣe ojú, òsì á di ọ̀tún, pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. Òótọ́ sì ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ó wá yíjú sí Àtinúkẹ́, ó fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé.

"Sọ fún ọ̀gá pé fíìmù ló yí. Kò le. Sọ ọ́, ká máa lọ."

Gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ ìjọba wà nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù Alhaji wà nínú rẹ̀. Bàbá Ọládòṣù ṣì dúró níwájú sójà, fìlà lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Àtinúkẹ́ dá a lóhùn, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ fún Méjọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe ń lọ, "bí fíìmù bá yí, gbogbo rẹ̀ ló máa yí. Ẹ ka pátákó tó wà lókè orí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fún ọ̀gá."

Ayọ̀dèjì kò kà á. Méjọ̀ fúnra rẹ̀ ló kà á sókè. Lẹ́tà pátákó náà dúró ṣánṣán, ó ṣeé kà láti òsì sí ọ̀tún, orúkọ ilé ìwòsàn, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀.

"Bàbá nìkan ló yí," Àtinúkẹ́ wí. "Èmi ni mo yí wọn. Èmi ni mo gbé wọn síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé wọn, ẹ̀yin náà lẹ sì ní kí n má fọwọ́ kan ilà wọn."

Kò gbé ohùn sókè. Ó jókòó.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń retí pé ìdájọ́ òdodo sọ̀ kalẹ̀ ní kíláàsì náà, kò gbé ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà. Méjọ̀ fi fọ́tò náà lé Bàbá Ọládòṣù lọ́wọ́, ó ní kó máa lọ sí oko rẹ̀. Ó pa fáìlì dé, ó wọ mọ́tò, a kò gbọ́ ohun tó kọ. Wọ́n gbé Ayọ̀dèjì lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, wọ́n sì gbé e ga. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù Alhaji Abdulmujeeb pa ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ọlọ́pàá mú Àtinúkẹ́ nítorí pé ó ṣe ayédèrú fọ́tò ìjọba. Wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, láìsọ ìdí tí wọ́n fi fi í sílẹ̀. Alhaji kò gbà á padà. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n òun ní ìyàwó àti ọmọ. Mo gbọ́ èyí pẹ̀lú etí mi, n kò sì tíì dárí jì í. Àtinúkẹ́ ti dárí jì í. Ó ní ọ̀rọ̀ òun àti Alhaji kò kàn mí.

Òun àti Samuel tún yàrá dúdú ṣí. Wọ́n ń ya ìbejì, pẹ̀lú ìwọ̀nba bébà tí wọ́n bá rí.

Mo bá a lọ sí abúlé náà nígbà ọyẹ́. Ilé ìwòsàn ṣì wà ní títì, ewúrẹ́ ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di ilé. Ní yàrá àlejò Bàbá Ọládòṣù, wọ́n ti fi férémù sí fọ́tò náà, wọ́n gbé e kọ́ sókè níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé yóò kọ́kọ́ rí. Àlejò kan láti ìlú Ara bá wa níbẹ̀. Ó wò ó, ó wo bàbá, ó tún wò ó, ó béèrè bóyá àbúrò bàbá ni.

"Rárá o," Bàbá Ọládòṣù dáhùn, ó ń da ẹ̀pà sínú àwo fún wa. "Ọkùnrin yẹn ló bá ìjọba ṣí ilé ìwòsàn. Èmi, oko ni mo wà." Ó na àwo náà sí Àtinúkẹ́. "Ìyá rẹ̀ nìyí. Ẹ kí wọn."